Prẹ́ṣọ̀ epo tó ń wálẹ̀ nínú BMW 325i àtijọ́: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀ kí a tó ra pọ́ǹpù

Ẹ̀gbọ́n kan láti Kétu gbé BMW 325i rẹ̀ wá sí gàráàjì wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, pọ́ǹpù epo méjì ni wọ́n ti rà sí i. Tó bá gbéra ní Wándó, ọkọ̀ náà á máa sáré bí ẹtu. Kó tó wọ Ìsàkété, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára á tán lára rẹ̀, á sì kú síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á sọ̀ kalẹ̀, á jókòó sábẹ́ igi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á jí bíi pé kò sí ohun tó ṣe é rí.

"Ọ̀gá, pọ́ǹpù ojúlówó ni kí ẹ bá mi wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọn prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ná."

Pọ́ǹpù ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Màá sọ ohun tí a rí tí a bá dé ibi táǹkì. Irú rẹ̀ ló mú kí n kọ ìtọ́sọ́nà yìí: ẹni tó lè pààrọ̀ pọ́ǹpù pọ̀ nílùú wa, ẹni tó ní géèjì prẹ́ṣọ̀ ò pọ̀. Nígbà tí a ò bá wọn nǹkan, a ó kàn máa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni, owó ọlọ́kọ̀ á sì máa lọ.

Ọkọ̀ náà àti ọ̀nà tí epo ń gbà

325i tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1985, tí orúkọ ara rẹ̀ ń jẹ́ E30. Sílíńdà mẹ́fà ló wà lórí ìlà kan, ẹ́ńjìnnì lítà 2.5, agbára ẹṣin nǹkan bí 170. Kọ̀ǹpútà Motronic ti Bosch ló ń pàṣẹ fún ínjẹ́tọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fọ́n epo fún ẹ́ńjìnnì. Ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà yìí ò mọ̀: kò mọ iye prẹ́ṣọ̀ tó wà nínú páìpù. Ó gbà pé iye tó yẹ ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá tí ínjẹ́tọ̀ yóò fi ṣí ẹnu nìkan ló ń ṣírò. Tí prẹ́ṣọ̀ bá wálẹ̀, epo tó ń jáde á dín kù, ìṣirò á sì yapa láìjẹ́ pé iná kankan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà epo yé wa. Pọ́ǹpù ń fa epo nínú táǹkì gba inú asẹ́ kékeré kan tó wà nídìí rẹ̀. Ó ń tì í gba inú fílítà lábẹ́ ọkọ̀, epo á wá gba họ́ọ̀sì àlọ dé iwájú, sínú páìpù tó so àwọn ínjẹ́tọ̀ pọ̀, tí a ń pè ní réèlì. Rẹ̀gúlétọ̀ wà ní ìparí réèlì náà. Epo tí ẹ́ńjìnnì ò lò á gba ibẹ̀ wọ họ́ọ̀sì àbọ̀, á padà sínú táǹkì. Nítorí náà, pọ́ǹpù kọ́ ló ń pinnu prẹ́ṣọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé epo wá ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè mu lọ. Rẹ̀gúlétọ̀ ló ń há ọ̀nà àbọ̀ mọ́ epo kí prẹ́ṣọ̀ tó gòkè. Ẹni tí èyí bá yé ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Iye tó yẹ wà lára rẹ̀gúlétọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ nu ún, ẹ tan iná sí i: báà 2.5 tàbí báà 3 ni ẹ óò rí níbẹ̀ (báà ni a fi ń ka prẹ́ṣọ̀). Báà 3 jẹ́ nǹkan bí 43.5 tí géèjì yín bá ń ka PSI, 2.5 jẹ́ nǹkan bí 36. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ, màá fi báà 3 ṣe àpẹẹrẹ. Tí tiyín bá jẹ́ 2.5, ẹ yọ ìdajì báà kúrò.

Àwọn E30 àkọ́kọ́ ní pọ́ǹpù méjì: kékeré nínú táǹkì, ńlá lábẹ́ ọkọ̀ nítòsí táyà ẹ̀yìn. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú táǹkì. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ mọ èyí tí ẹ ní, torí tí pọ́ǹpù kékeré bá kú, ńlá á ṣì máa dún, ẹ óò sì rò pé ara rẹ̀ le.

Ẹni tó ní Peugeot 205 GTI lè tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà yìí pẹ̀lú, ètò rẹ̀ jọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Golf GTI àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1976, kó má lo iye tí mo kọ síbí o: K-Jetronic, irú ètò ínjẹ́tọ̀ mìíràn, ni tirẹ̀, nǹkan bí báà 5 ló ń lò, géèjì rẹ̀ sì yàtọ̀.

Iná

Bẹntiróòlù máa dà sí yín lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí kò ní dà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná tó jó ibi tí wọ́n ń kó epo kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà) sí ní Sèmè-Kraké pa ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ. A ò tíì gbàgbé rẹ̀ ní agbègbè wa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe é lórí ihò tí a ń bọ́ sí lábẹ́ ọkọ̀, torí oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú ihò ló ń rọ́ sí, kò sì ní jáde bọ̀rọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa. Kí ẹ̀rọ ìpaná wà nítòsí, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ tì pa. Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàráàjì wa mọ̀ pé tí mo bá ti gbé géèjì jáde, a máa ní kí wọ́n dín ti àárọ̀ tán ná. Iṣẹ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n a ṣì wà láàyè.

Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: géèjì tó lè ka báà 0 dé 6 tàbí 7 (tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Wándó, manomètre ni kí ẹ béèrè), ìta mẹ́ta oní-mílímítà 8 tó dà bíi lẹ́tà T, họ́ọ̀sì epo tó le, kílíìpù bíi mẹ́fà, mítà iná, bídọ́ọ̀nù lítà 5, àti ẹ̀mú tí ẹ fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀. Ẹ má lo géèjì táyà. Epo á jẹ rọ́bà inú rẹ̀, á sì tú sí yín lójú. Họ́ọ̀sì náà, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò: èyí tó ní J30R9 lára ni wọ́n ṣe fún epo ínjẹ́tọ̀. Họ́ọ̀sì kábúrétọ̀ lásán lè gba báà 3 lónìí, kó bẹ́ lọ́la.

Kí ẹ tó ṣí epo rárá

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní epo ò dé inú rẹ̀ ni kì í ṣe epo ló ń dà á láàmú. Lórí E30, ẹ kọ́kọ́ yẹ rọ́bà dúdú ńlá tó wà láàárín ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti ẹnu ẹ́ńjìnnì wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń ti ya. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, kọ̀ǹpútà ò kà á mọ́ra, ọkọ̀ á sì ṣe gẹ́gẹ́ bí èyí tí epo ò tó. Ẹ wo plọ́ọ̀gì àti orí ẹ̀rọ tó ń pín iná sí wọn. Kí ẹ sì rọ epo lítà mẹ́wàá sí i, nítorí géèjì epo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù E30 máa ń parọ́. Mo ti rí ẹni tó tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀ nígbà tí táǹkì ṣófo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn. Tí afẹ́fẹ́ bá fà wọlé pẹ̀lú ariwo, tí ọkọ̀ sì sàn lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí táǹkì ń gbà mí ló dí. Ìyẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí a ṣe ń so géèjì mọ́ ọn

Ẹ tú prẹ́ṣọ̀ tó wà nínú páìpù sílẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo. Lórí E30, nọ́ńbà 11 ni, ẹ tún kà á lábẹ́ ìdérí àpótí fíúsì kó dá yín lójú. Ẹ sitáàtì ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀, ẹ tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yọ okùn bátìrì tí àmì rẹ̀ jẹ́ −. Ẹ wé aṣọ mọ́ ibi tí họ́ọ̀sì àlọ ti wọ réèlì, ẹ tú kílíìpù rẹ̀, ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìta mẹ́ta sáàárín, ẹ so họ́ọ̀sì géèjì mọ́ ẹsẹ̀ kẹta, ẹ fún gbogbo kílíìpù.

Tí họ́ọ̀sì àtijọ́ náà bá ti le bí igi tàbí tó ti ní ìlà wẹ́wẹ́ lára, ẹ má dá a padà. Ẹ óò fún un lẹ́nu láìpẹ́, kò ní gba ìyẹn.

Ẹ wá dá okùn bátìrì àti fíúsì padà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sitáàtì. Ẹ yọ rílè pọ́ǹpù, ìyẹn swíìṣì kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tan pọ́ǹpù, kúrò ní ojú ihò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fíúsì. Nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rílè: 30 ni iná tó ń ti bátìrì bọ̀, 87 ni èyí tó ń lọ sí pọ́ǹpù. Ẹ fi wáyà tó ní fíúsì áńpíà 15 láàárín so ojú ihò 30 pọ̀ mọ́ 87. Pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ò sì ní yí. Ẹ yí gbogbo ìsopọ̀ yín ká pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ wá ibi tó ń sun. Ẹ rántí pé wáyà yìí ti mú ẹ̀ṣọ́ kúrò: lásìkò gidi, kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ò bá yí. Ẹ má fi wáyà náà síbẹ̀ kí ẹ wá gbé ọkọ̀ jáde o.

Kíka géèjì

Pẹ̀lú wáyà lórí rílè tí ẹ́ńjìnnì ò sì ṣiṣẹ́, báà 3 ló yẹ kó wà lójú géèjì.

Ẹ dá rílè padà, ẹ sitáàtì. Lórí ìdúró, ohun tí àwa níbí ń pè ní ralenti, á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2.5. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe àrùn. Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so rẹ̀gúlétọ̀ mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fà tó ni rẹ̀gúlétọ̀ ṣe ń dín prẹ́ṣọ̀ kù. Ẹ fa họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ yìí yọ: géèjì gbọ́dọ̀ gòkè padà sí 3. Tí kò bá kúrò níbi tó wà, rẹ̀gúlétọ̀ ti di. Kí ẹ sì gbóòórùn ẹnu họ́ọ̀sì náà. Tí epo bá wà nínú rẹ̀, àní kó jẹ́ ẹ̀kán kan, awọ inú rẹ̀gúlétọ̀ ti ya, ẹ́ńjìnnì ń mu epo láti ibi tí kò yẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò sí àtúnṣe.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n Kétu ka 3 dáadáa nínú gàráàjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tú géèjì kúrò nìyẹn, wọ́n á ní epo dára. Lórí ìdúró, ẹ́ńjìnnì ò mu tó ohun tí ọmọ ọwọ́ ń mu. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́nu ìrìn. Ẹ lo họ́ọ̀sì géèjì tó gùn, ẹ gbà á láti ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi téèpù lẹ géèjì mọ́ ìta gíláàsì iwájú. Ìta ni mo wí. Kò sí ìdí kankan tí epo oníprẹ́ṣọ̀ fi gbọ́dọ̀ wọ inú ibi tí ènìyàn jókòó sí. Kí ẹlòmíràn máa wo géèjì, kí ẹ̀yin máa wo títì àti àwọn zém (ọ̀kadà). Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti ṣí, ẹ fi jíà kẹta tẹná dé ìsàlẹ̀. Géèjì gbọ́dọ̀ lọ sí 3 kó sì dúró. Tí ó bá ń yọ̀ wálẹ̀ sí 2.5, sí 2, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára sí i, ẹ má tẹná mọ́. Epo tó kéré nínú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ló ń jó orí písítìnì.

Ti ẹ̀gbọ́n: ìṣẹ́jú méjìlá lójú ọ̀nà Ìsàkété, 3. Ìṣẹ́jú kẹtàlá, 2.2. Nígbà tó fi máa kú, 0.8.

Kí ẹ fún họ́ọ̀sì àbọ̀ lẹ́nu

Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń pín ọ̀rọ̀ sí méjì lójú kan náà. Ẹ ṣe é nígbà tí prẹ́ṣọ̀ bá kéré. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tàbí wáyà wà lórí rílè. Ẹ fi ẹ̀mú tí ẹ fi aṣọ wé fún họ́ọ̀sì àbọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú yín wà lára géèjì.

Bí géèjì bá gbéra kíákíá tó sì kọjá báà 4, ẹ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pọ́ǹpù le, fílítà ò dí, epo ń wá. Rẹ̀gúlétọ̀ ló ń jẹ́ kó sá lọ. Bí géèjì ò bá mira, tàbí tó ń gòkè bí ìgbín, rẹ̀gúlétọ̀ ò jẹ̀bi. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà wà láti fílítà lọ sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó, ẹ má fún un pa pátápátá kí ẹ máa wòran.

Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi rẹ̀gúlétọ̀ tí báà rẹ̀ ga sí láti fi wo pọ́ǹpù tó ti rẹ̀. Bí prẹ́ṣọ̀ ṣe ń ga ni epo tí pọ́ǹpù lè gbé ń dín kù, ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ ni wọ́n tún di ẹrù lé.

Iye epo, kì í ṣe prẹ́ṣọ̀ nìkan

Prẹ́ṣọ̀ lè dára kí epo má tó. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 170 tí wọ́n bá tẹná dé ìsàlẹ̀ ń mu nǹkan bíi lítà 50 ní wákàtí kan. Ní ìdajì ìṣẹ́jú, ìyẹn jẹ́ lítà 0.4 àti díẹ̀. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ gbé ju ìyẹn lọ dáadáa kí rẹ̀gúlétọ̀ tó rí nǹkan há mọ́nú.

Ẹ da omi lítà 0.5 sínú bídọ́ọ̀nù, ẹ fa ìlà. Ẹ da á dé 0.8, ẹ fa ìlà. Dé 1, ẹ fa ìlà. Ẹ da omi nù, ẹ sá bídọ́ọ̀nù sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹ tú họ́ọ̀sì àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀gúlétọ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì mìíràn gùn ún, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ bídọ́ọ̀nù. Ẹ fi wáyà sórí rílè fún ìṣẹ́jú àáyá 30 géérégé. Ibi àbọ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ibi àlọ, kí pọ́ǹpù lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ báà 3 bó ṣe máa ń ṣe. Pọ́ǹpù tó ti kú tán lè da epo bí ẹ̀rọ omi tí kò bá sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Èmi máa ń fẹ́ kó dé 0.8 ó kéré tán. Lábẹ́ 0.5, ọkọ̀ yẹn ò ní lè sáré.

Tí epo bá kéré, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù. Ẹ wọn iná rẹ̀ ná. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan orí bátìrì níbi +, ẹ fi ìkejì kan wáyà + ní ẹnu pọ́ǹpù. Mítà gbọ́dọ̀ kéré sí fóòltì 0.5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá − pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí fóòltì 1 tàbí 2, iná ti ń sọnù lójú ọ̀nà: ẹsẹ̀ rílè tó jó, fíúsì tó ní ìpẹtà, wáyà ilẹ̀ tó ti jẹ nínú bọ́ọ̀tù. Pọ́ǹpù tí fóòltì 10 ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé ohun tó yẹ kó gbé, ẹ ìbáà ra tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tí fóòltì ò bá dé ibẹ̀ rárá tí pọ́ǹpù ò sì dún, ẹ pààrọ̀ rílè pẹ̀lú èyí tí ẹ mọ̀ pé ó le, ẹ wò ó.

Fílítà ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ da epo inú rẹ̀ jáde láti ẹnu ibi tó ń gbà wọlé sínú ife funfun. Tí ohun tó jáde bá dà bíi tíì tàbí tí omi bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá yín. Àmì ọfà wà lára tuntun. Kó kọjú síwájú ọkọ̀, síbi tí ẹ́ńjìnnì wà.

Inú táǹkì

Ẹ jẹ́ kí epo táǹkì kù díẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ yọ bátìrì kúrò lórí iná. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè; lápá ọ̀tún, lábẹ́ aṣọ tó ń dí ariwo, ìdérí irin kan wà tí wọ́n fi ìdè dè. Abẹ́ rẹ̀ ni orí pọ́ǹpù wà, pẹ̀lú wáyà àti họ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní kí ẹ tó ṣí i, kí iyanrìn má baà já sínú. Ẹ fi àmì sára họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá gan, ẹ fi igi gbá a, ẹ má fi irin gbá irin.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò tí pọ́ǹpù bá jáde. Èkíní, asẹ́ ìdí rẹ̀. Èkejì, họ́ọ̀sì kúkúrú tó so pọ́ǹpù mọ́ ìdérí: ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, torí tí ó bá la díẹ̀, epo á máa tú padà sínú táǹkì, kò ní sí ibi kankan tó sun níta, géèjì nìkan ló máa sọ. Họ́ọ̀sì tó ń gbé inú epo gbọ́dọ̀ jẹ́ J30R10; J30R9 tí ẹ lò lókè kì í ṣe fún ìyẹn, ìta rẹ̀ á wú, á sì rọ̀. Ẹ̀kẹta, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, bóyá ti ínjẹ́tọ̀ ni. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ kan wá fún mi tí pọ́ǹpù kábúrétọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í ju báà 0.3 lọ. Ó ń dún dáadáa o.

Nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n, mo ki tọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu táǹkì, mo rí nǹkan dúdú kan tó ń léfòó. Ọmọ iṣẹ́ mi fi wáyà kọ́ ọ jáde. Ọ̀rá dúdú ni, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, irú èyí tí àwọn tó ń ta kpayo fi ń dé ẹnu ìgò. Ó ti bá epo wọlé níbi tí wọ́n ti rọ ọ́, bóyá ní ẹ̀bá ọ̀nà lálẹ́. Bí pọ́ǹpù bá ń fà, ọ̀rá á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi lẹ̀ mọ́ asẹ́, á bò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìfà á tán, ọ̀rá á tú, á léfòó padà. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún abẹ́ igi. Asẹ́ náà ò tiẹ̀ mọ́: wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀mejì, asẹ́ àtijọ́ kan náà ni wọ́n ń yọ tí wọ́n tún ń fi síbẹ̀, ìdọ̀tí pupa ti di ìdajì rẹ̀.

Mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni má ra kpayo, mo mọ iye tí ó wà lápò èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rọ ọ́ gba inú àrọ tó ní asẹ́, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ ìgò kó tó wọ ọkọ̀. Kábúrétọ̀ zém lè fara da ìdọ̀tí díẹ̀. Ínjẹ́tọ̀ ò mọ eré.

Tí prẹ́ṣọ̀ bá sá lẹ́yìn pípa ọkọ̀

Àrùn míì tún wà tó jọ èyí: ọkọ̀ ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa á nínú oòrùn ọ̀sán, tí ẹ ra búrẹ́dì padà dé, ẹ óò yí kọ́kọ́rọ́ títí kó tó dìde. Ẹ so géèjì, ẹ pa ọkọ̀, ẹ wo aago. Á wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ṣì wà lórí nǹkan bíi báà 2 lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ó bá já sí òdo lójú kan, ẹ tún sitáàtì, ẹ pa á, kí ẹ sì fún họ́ọ̀sì àlọ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn ibi tí géèjì wà, lápá táǹkì. Tí prẹ́ṣọ̀ bá dúró, fáàfù inú pọ́ǹpù tí kì í jẹ́ kí epo padà ló ti bàjẹ́. Tí kò bá dúró, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún họ́ọ̀sì àbọ̀. Tó bá dúró níbẹ̀, rẹ̀gúlétọ̀ ni. Tí méjèèjì ò bá dá a dúró, ínjẹ́tọ̀ kan ń sun sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí tó bá dúdú tó sì tutù lára fi ibi tó wà hàn yín.

Lẹ́yìn àtúnṣe

A fọ táǹkì ẹ̀gbọ́n, a fi asẹ́, họ́ọ̀sì inú táǹkì àti fílítà tuntun sí i. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn kìlómítà 500 ká tún pààrọ̀ fílítà náà, torí táǹkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ máa ń tú ìyókù ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. A tún lẹ géèjì mọ́ gíláàsì, a wa ọkọ̀ náà láti Wándó dé Ìsàkété, a yí padà. Báà 3 ni lálọ, báà 3 lábọ̀ nígbàkígbà tí a bá tẹná. Ó wọ Kétu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn láìjókòó sábẹ́ igi kankan.

Pọ́ǹpù méjì tí wọ́n ti yọ sẹ́yìn ṣì wà nínú bọ́ọ̀tù rẹ̀, nínú páálí. Kó tó lọ, a so wọ́n mọ́ ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a wọn epo wọn sínú bídọ́ọ̀nù. Èyí tó bá ọkọ̀ náà wá gbé 0.85 ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìkejì kọjá ìlà lítà 1.